Nautilus Live: mo fi kọ́ àwọn ọmọ JSS 2, ẹ gbọ́ bó ṣe lọ

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ṣì ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹja sójú bọ́ọ̀dù, mi ò bú yín o, ibẹ̀ lèmi náà wà títí di táàmù tó kọjá. Èkó là ń gbé, òkun ò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí ló wà níbẹ̀, yanrìn, ẹṣin àti súyà ni wọ́n máa kà fún yín.

Ọkọ̀ ojú omi ni Nautilus, ẹgbẹ́ tí Robert Ballard dá sílẹ̀ ló ni ín (bàbá yẹn wà lára àwọn tó rí òkú ọkọ̀ Titanic lọ́dún 1985), wọ́n á sọ róbọ́ọ̀tì sísàlẹ̀ òkun, ohun tí kámẹ́rà ẹ̀ bá ń rí ni ẹ̀yin náà á máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Nautilus Live. Ọ̀fẹ́ ni, dátà yín nìkan ló máa jẹ, ó sì ń jẹ ẹ́ gan-an.

Hercules lórúkọ róbọ́ọ̀tì tó ń ṣiṣẹ́ gangan, ó lè lọ jìn tó 4,000 mítà. Róbọ́ọ̀tì kejì, irú bíi Argus, máa ń wà lókè ẹ̀, òun ni wáyà ọkọ̀ so mọ́, tí ìgbì bá ń mi ọkọ̀ jìgìjìgì Argus ló máa gbà á sára, Hercules ò ní mọ̀ rárá. Àmọ́ ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni àmì iná kékeré méjì tí Hercules ń tàn sára nǹkan, 10 sẹ̀ǹtímítà ló wà láàárín wọn. Lára ògiri tí mo fi pírójẹ́tọ̀ tàn án sí, àmì méjèèjì fi 40 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra, ìyẹn ni pé 4 lára ògiri jẹ́ 1 nísàlẹ̀ òkun. Mo ní kí wọ́n wọn kinní rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó ń wọ́ nílẹ̀, rúlà fún wa ní 24, ariwo sọ, ọmọ tó máa ń sùn tá a bá ń ṣe ìṣirò ló fò dìde pé "Mà, 6 ni o, kò ju ìka mi lọ!"

Ẹ má retí sinimá ṣá. Sísọ̀kalẹ̀ nìkan lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, omi dúdú lásán lẹ ó máa wò, tó bá débẹ̀ tán ẹrẹ̀ lè pọ̀ ju ẹja lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà nínú ọdún ni ọkọ̀ wà lójú òkun. Torí náà fídíò oṣù October 2018 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá octopus tó lé ní 1,000 níbi tí wọ́n ti ń sàba lé ẹyin nítòsí Davidson Seamount, òkè kan tó wà lábẹ́ òkun létí California, ìgbà tójú wọn ti là la wá wo èyí tó ń lọ lọ́wọ́. Kinní kan kọjá, àwọn sáyẹ́ńtíìsì ń bi ara wọn pé kí lèyí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jiyàn. Ọmọbìnrin kan wojú mi: "Mà, ṣé àwọn náà ò mọ̀ ọ́n ni?" Kò sóhun tí mo kọ́ wọn lọ́dún yìí tó wọ̀ wọ́n lára tó ìyẹn.

A tẹ ìbéèrè tiwa ránṣẹ́ sí wọn. Kí èsì tó dé, wọ́n ti mú iná lọ.

Máàkì tí mo fún un: 4 nínú 5. Ẹ ra dátà dáadáa, kẹ́ ẹ sì wá jẹnẹrétọ̀ sílé.