Harvest of Despair: Ẹ gbọ́ ẹ̀rí, kí ẹ yẹ fọ́tò wò

Fọ́tò ni mo ń yà jẹun, nítorí náà mi ò lè wo dọkumẹ́ńtárì kí n má bi ara mi pé ta ló ya èyí, níbo, nígbà wo. Ohun tó jẹ́ kí fíìmù yìí wọ̀ mí lára nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kó bí mi nínú.

Àwọn ará Ukraine tó wà ní Kánádà ló ṣe é lọ́dún 1984, lórí ìyàn àfọwọ́fà tó mú ní Ukraine lọ́dún 1932 sí 1933. Ìjọba Stalin, tó ń ṣàkóso Soviet Union láti Moscow, fipá kó ọkà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì ń tà á sókè òkun nígbà tí ẹni tó gbìn ín ń kú. Ní August 1932 wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá mú ọkà oko ìjọba, ikú ni tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ní January 1933 wọ́n tún dí ọ̀nà, kí àgbẹ̀ má baà jáde lọ wá oúnjẹ níbòmíràn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 èèyàn ló bá a lọ. Moscow ní kò sí ìyàn kankan.

Àwọn ẹlẹ́rìí ni mo tìtorí wọn fún un ní 7 nínú 10. Malcolm Muggeridge wà níbẹ̀, akọ̀ròyìn tó fi ìròyìn rẹ̀ pamọ́ sínú àpò lẹ́tà àwọn aṣojú ìjọba òkèèrè kí ọwọ́ àwọn tó ń yẹ ìwé wò má baà tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi í wé Walter Duranty ti New York Times, tó gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá àwọn akọ̀ròyìn, ní 1932, tó tún ń kọ ọ́ pé ebi ò pa ẹnikẹ́ni kú!

Máàkì 3 tó kù, fọ́tò ló jẹ ẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán tó wà níbẹ̀, ìyàn agbègbè odò Volga ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1921 sí 1922 ni wọ́n ti wá. Nígbà yẹn ìjọba gbà pé ebi wà, àwọn aláàánú ń wọlé láti òkèèrè, kámẹ́rà sì pọ̀. Ní 1933, ta ló tó gbé kámẹ́rà síta? Alexander Wienerberger, ẹnjiníà ará Austria tó ń ṣiṣẹ́ ní Kharkiv ní Ukraine, jí i yà ni, pẹ̀lú kámẹ́rà Leica: òkú lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn èèyàn ń kọjá lọ. Ká ní èmi ni mo to fíìmù yìí, ìwọ̀nba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni màá lò. Àwòrán àyálò yẹn ló fún àwọn tó ń sẹ́ ìyàn náà lẹ́nu ọ̀rọ̀ nígbà tí àṣírí tú.

Ìṣẹ́jú 55 péré ni, kò ní jẹ dátà yín tán. Bí ẹ bá fẹ́ gé àwòrán nínú rẹ̀ sórí status, ojú àwọn arúgbó tó ń sọ̀rọ̀ ni kí ẹ gé.