Mo fi Lintian ṣọ́ àpèjúwe pákẹ́ẹ̀jì mi: ojú rẹ̀ mú, àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń rí

Ẹni tó bá ń ṣe pákẹ́ẹ̀jì .deb, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń gbé ètò kọ̀ǹpútà sórí Debian (ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux), á ti gbọ́ orúkọ Lintian. Òun ló ń yẹ pákẹ́ẹ̀jì wò fún Debian láti 1998, ọ̀fẹ́ sì ni. Pákẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo ló wà níkàáwọ́ mi níbi iṣẹ́. HTML Tidy ló wà nídìí rẹ̀, ètò tó ń tún HTML (èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú-ewé ìkànnì) ṣe; òun la fi ń tún kóòdù ìkànnì wa ṣe. Kóòdù rẹ̀ kì í dà mí láàmú tó àpèjúwe rẹ̀.

Àpèjúwe yìí lèèyàn máa rí tó bá tẹ apt show, kó tó pinnu bóyá òun fẹ́ ẹ. Inú fáìlì debian/control ló wà, òfin rẹ̀ sì le. Ìlà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ tó lẹ́tà 80. Àwọn ìlà tó kù gbọ́dọ̀ fi àlàfo bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìlà òfìfo, àlàfo kan àti àmì ìdánudúró kan lẹ máa fi síbẹ̀. Ta ló fẹ́ máa fi ojú lásán ṣọ́ ìyẹn?

Lintian ń ṣọ́ ọ. Ó ń mú ìlà tó gùn jù, ó ń mú ìlà àkọ́kọ́ tó fi "a" tàbí "the" bẹ̀rẹ̀ (Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ọ́), ó tún mọ àwọn àṣìkọ tó wọ́pọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àṣẹ -i: tó bá ti bá yín wí tán, á ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀ ju ẹnu mi lọ. Ti --pedantic, àṣẹ tó ń mú kó máa wá àléébù kéékèèké, ni mi ò lè fara dà. Àròyé rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ sì kọ orúkọ yín tàmì-tàmì sí Maintainer o, ìlà tó ń sọ ẹni tó ń bójú tó pákẹ́ẹ̀jì; UTF-8 ni fáìlì náà, ó ń gba àmì ohùn.

Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú ni Lintian ń wò, kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹ wo Tidy fúnra rẹ̀, tí Dave Raggett kọ nígbà tó wà ní W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìkànnì. Ó pẹ́ tó fi ń ka àwọn àmì HTML5 bíi <section> àti <article> sí àṣìṣe, kí ẹ̀dà 5 rẹ̀, èyí tó mọ HTML5, tó jáde ní 2015. Ká ní HTML 4 nìkan ni àpèjúwe mi ṣì ń dárúkọ títí dòní, Lintian ò ní wí nǹkan kan. Tí mo bá sì kọ ọ́ pé "ó ń tún gbogbo àṣìṣe ṣe", kò ní dá mi dúró, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni: tí Tidy bá bá àṣìṣe tó kọjá agbára rẹ̀ pàdé, kò ní gbé ojú-ewé kankan jáde, àfi tẹ́ ẹ bá fi --force-output yes pàṣẹ fún un.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé tí ẹ̀dà tuntun bá dé, mo máa ń ka debian/changelog (àkọsílẹ̀ àyípadà inú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan) àti àpèjúwe náà pọ̀, kí n tó pe Lintian rárá. Mo ti fi --fail-on warning sí i, torí náà tó bá kìlọ̀, pákẹ́ẹ̀jì ò jáde. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.