Ẹ ṣọ́ra fún béèlì tí wọ́n ti tú, tí wọ́n sì tún rán ẹnu rẹ̀ padà, ẹ̀yin tá a jọ ń ta òkìríkà látilé

Ẹ̀yin èèyàn mi tá a jọ ń ta òkìríkà látilé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tọ́jú owó láti ra béèlì yín àkọ́kọ́ (ìdì ńlá aṣọ àlòkù tí wọ́n dì wá láti òkè òkun), ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. ₦340,000 ni ẹnìkan tó ń ta béèlì lórí Instagram gbà lọ lọ́wọ́ mi. Èmi nìkan kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń bèèrè kiri, mo ti bá obìnrin márùn-ún sọ̀rọ̀ tí ẹni kan náà ti lù ní jìbìtì.

Mi ò ní kọ orúkọ tó fi ń tajà síbí, kì í ṣe pé mò ń bò ó láṣìírí. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó ti pààrọ̀ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá há a sórí, ilẹ̀kùn tí olè ò gbà wọlé mọ́ ló máa máa ṣọ́. Ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí ìyẹn ò tíì yí padà.

Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, tí mo dáná tán, màá ya fọ́tò aṣọ ọmọdé, màá gbé e sórí státọ́ọ̀sì WhatsApp mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe é, òun ni mo fi ń san lára owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi. Tẹ́lẹ̀, màá wọ mọ́tò ìdájí Sátidé lọ sí ọjà Kàtáńgúwà, lápá Abúlé Ẹ̀gbá ní Èkó, màá dúró ti àwọn tó ń já béèlì (tí wọ́n ń tú u), màá ṣa ogójì tàbí ọgọ́ta ẹyọ, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó padà délé. Owó ọkọ̀ wá ń gorí ara wọn, ara náà ò gbà á mọ́. Ìgbà tí ẹnìkan wá sọ lórí Instagram pé òun á máa fi ọjà ránṣẹ́ sí mi títí Ìbàdàn, ńṣe ló dà bíi pé Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà mi.

Kò kọ́kọ́ ta béèlì fún mi o. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fọkàn bá mi lọ. Ogún ẹyọ ni mo kọ́kọ́ rà, ₦30,000. Ọjọ́ kẹta ló dé. Aṣọ tó dáa ni: gáùn tí bọ́tìnì rẹ̀ pé, jíìnsì tí síìpù rẹ̀ ń lọ geere, súwẹ́tà tí kò ì hó. Ọjọ́ méjì ni mo fi tà wọ́n tán. Mo tún ra ogún míì, ó tún dáa. Àṣé ìjẹ ló ń fi sẹ́nu ìwọ̀. Gbogbo àwọn márùn-ún tí mo bá sọ̀rọ̀, bó ṣe ṣe fún wọn nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ṣe dáadáa sí èèyàn, ẹ̀ẹ̀kẹta ni béèlì á wọlé.

“Àǹtí mi, ẹyọ kan ló kù. Ti ọmọdé, gíréèdì kìíní, kílò 55, láti Ìlú Ọba. Ẹni mẹ́ta ti ń bèèrè rẹ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fún, mà.” Ó fi fídíò ibi tí wọ́n ti ń já béèlì ránṣẹ́ sí mi, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tó ń dúpẹ́ ránṣẹ́, ó tún fi ìwé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tì í. Àjọ tí mo kó jẹ́ ₦300,000. Mo yọ ₦40,000 nínú owó oṣù mi, mo fi kún un. Nígbà tí mo fẹ́ san án, orúkọ ọkùnrin kan ló jáde nínú àkáǹtì, kì í ṣe orúkọ ilé ìtajà. Mo bèèrè. Ó ní akọ̀wé owó àwọn ni. Mo gbà á gbọ́, mo tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé CAC yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, CAC ní ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi orúkọ tàbí nọ́ńbà wá ilé iṣẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ tán ni mo tó lọ wò ó. Ilé iṣẹ́ tó ń gbẹ́ kànga ló ni nọ́ńbà tó wà lórí ìwé tó fi hàn mí. Ká tiẹ̀ ní òun ló ni ín, ìwé yẹn kàn sọ pé ẹnìkan forúkọ sílẹ̀ ni, kò sọ pé ọjà rẹ̀ dáa.

Béèlì dé sí páàkì ní Ìwó Road. Dírẹ́bà jù ú sílẹ̀, ó gba owó wébíìlì (owó ẹrù tó gbé), ó lọ. Kò sí ẹni tó jẹ́ já béèlì ní páàkì, kò sì sí ẹni tá a máa dá a padà fún. Ẹni tó tà á fún mi mọ ìyẹn dáadáa.

Ilé ni mo ti wá wò ó dáadáa, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ wò ó pẹ̀lú mi. Béèlì gidi, ẹ̀rọ ló fún un pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú, ọwọ́ yín ló máa dùn yín. Okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dè é á ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ìka ò ní lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Tèmi yìí, mo ki ìka bọ abẹ́ okùn, ó wọlé dé oríkèé kejì. Mo fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rì bí ìrọ̀rí. Mo wá rí ojú ibi tí wọ́n ti rán àpò náà. Ìlà ihò abẹ́rẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n jọ tẹ̀ lé ara wọn. Okùn wà nínú ìlà kan, ìlà kejì ṣófo. Okùn tó wà nísàlẹ̀ àpò jẹ́ funfun tó ti dọ̀tí di dúdú, èyí tó wà lókè jẹ́ búlúù, ó ṣì ń dán. Ẹnìkan ti tú béèlì yẹn rí, ó sì ti tún un rán. Bébà tó yẹ kí àwọn tó ṣa aṣọ náà lókè òkun lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n máa ń kọ irú ọjà àti ìwọ̀n sí, wọ́n ti ya á kúrò, ó ku ojú gọ́ọ̀mù. Kódà òórùn òkìríkà tí gbogbo wa mọ̀, tí kì í kúrò lára aṣọ àfi téèyàn bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbọ́ ọ. Òórùn aṣọ tí òjò pa tí wọn ò sá ni mò ń gbọ́.

Ọmọ mi obìnrin ló ń kà, èmi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Mẹ́rìnlá tó wà lókè pátápátá dáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbọ̀sẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Síńgílẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà tó ti lu. Pátá tí mi ò lè sọ bó ṣe rí fún yín. Àárín gbùngbùn ni wọ́n ki bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì tó tutù rinrin sí kó lè wúwo, omi ara wọn sì ti jẹ́ kí aṣọ ìkókó tó yí wọn ká hu ewú dúdú. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 203. Èyí tí mo lè tà láìṣẹ̀ sí Ọlọ́run jẹ́ 31. Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ládùúgbò wa, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílò 41, tòun ti bùláńkẹ́ẹ̀tì olómi.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí òwò yìí á ní kò sí béèlì tí kì í ní àkísà. Òótọ́ ni. Béèlì gidi náà dà bí ìgbà téèyàn ń ta tẹ́tẹ́, aṣọ tó ya máa ń wà níbẹ̀, èyí tó ní àbàwọ́n máa ń wà níbẹ̀. Èmi náà ti jẹ gbèsè lórí irú ẹ̀ rí, mi ò pariwo. Èyí kì í ṣe ti orí burúkú. Ẹnìkan ló jókòó, tó fara balẹ̀ ṣa àwọn tó dáa kúrò, tó fi àkísà dí àlàfo wọn, tó sì rán ẹnu àpò padà. Ohun tó wá ń dùn mí jù, tó ń jí mi lóru, ni ogójì aṣọ rere tó kọ́kọ́ tà fún mi. Níbo ló ti rí wọn? Inú béèlì ẹlòmíì ni. Aṣọ tí mo fi ń yangàn lórí státọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó obìnrin kan bíi tèmi tó ń sunkún níbòmíì.

Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó gbé e. Ohùn ẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀: “Àǹtí mi, béèlì la tà fún yín, a ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.” Nígbà tí mo ní màá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé òkìríkà wà lára ọjà tí kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀, pé èmi náà ni màá kọ́kọ́ ṣàlàyé ara mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, bó ṣe pa àwọn yòókù náà lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni pé ìjọba kà á léèwọ̀ láti kó aṣọ àlòkù wọ Nàìjíríà. Àmọ́ kì í ṣe èmi ni mo kó o wọlé, òfin yẹn ò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti lu ẹlòmíì ní jìbìtì. Ẹ má jẹ́ kó fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Ìyá ìbejì kan ní Abẹ́òkúta, òun ò tiẹ̀ rí béèlì kankan gbà. Ó sanwó tán, wọ́n ní kọ́sítọ́ọ̀mù ti gba ọjà náà ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kó fi ₦60,000 ránṣẹ́ kí wọ́n fi gbà á sílẹ̀. Ó fi ránṣẹ́. Wọ́n tún ní ọkọ̀ bàjẹ́ ní Àgbádárìgì, ₦25,000. Ó tún fi ránṣẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀nà Kọ̀tọ̀nú ni ọ̀pọ̀ ọjà yìí ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí irọ́ náà fi jọ òótọ́. Ẹni tó bá ní béèlì nílẹ̀ lóòótọ́, ti kọ́sítọ́ọ̀mù ti kúrò lọ́rùn ẹ̀ kó tó pè yín. Bí wọ́n bá ti bèèrè owó kejì lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti san ti béèlì, ẹ dúró níbẹ̀.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe bíi tèmi tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìgbà tí mo fi dé báńkì, àkáǹtì tó gbowó ti gbẹ. Báńkì tiyín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé jìbìtì ni. Tí owó bá ṣì wà níbi tó lọ, wọ́n lè bá báńkì kejì sọ̀rọ̀ kí wọ́n dì í mú. Ẹ ti ya fọ́tò gbogbo ohun tẹ́ ẹ jọ sọ kó tó pa á rẹ́, torí ó máa pa á rẹ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì tíránsífà, ẹ má sì ju àpò béèlì nù. Àwọn ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń rí sí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni mo kọ̀wé sí. Mo tún kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, torí òfin ọdún 2018 tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ sọ pé oníbàárà lè dá ọjà padà tí kò bá bá àpèjúwe tí wọ́n fi tà á mu. Owó mi ò tíì dé, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ tí ẹni mẹ́fà bá kọ̀wé nípa àkáǹtì kan náà, wọn ò ní lè sọ pé ìjà oníbàárà kan lásán ni.

Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn. Mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún yẹn ò tíì sọ fún ọkọ wọn. Ọ̀kan ní òun ti sọ fún àwọn ará ilé pé ọjà ò tíì dé. Ẹ̀yin arábìnrin mi, ìtìjú kì í ṣe tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn á kọ́gbọ́n, àmọ́ tí ará iwájú bá dákẹ́ sínú kòtò ńkọ́?

Èmi ti padà sí Kàtáńgúwà. Àwa mẹ́ta la jọ ń dáwó ra béèlì kan báyìí, ẹnìkan nínú wa ló ń lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìsọ̀ là ń rà, ìsọ̀ tá a lè padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbọ́dọ̀ gé okùn rẹ̀ lójú wa ká tó san èyí tó kù nínú owó. Owó ọkọ̀ ṣì wọ́n. Màá san án.

Fídíò tó fi ránṣẹ́ sí mi ṣì ń lọ kiri. Béèlì aláwọ̀ ewé ni, obìnrin kan ń fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù pupa wé èèkù rẹ̀ gé okùn, ó wọ ẹ̀gbà bàbà kan sọ́wọ́ òsì, ẹ máa gbọ́ ohùn ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn. Mo wá obìnrin yẹn títí mo fi rí i. Kọ̀tọ̀nú ló ti ń tajà, Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwọn lọ́hùn-ún, ló sọ sí mi, kò mọ nǹkan kan nípa ẹni yìí, ọdún méjì sẹ́yìn ló ti ya fídíò náà. Ẹni yòówù tó bá fi í ránṣẹ́ sí yín, tó ní béèlì òun nìyẹn, ẹ má sanwó. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà àkáǹtì tó bá fún yín, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n fi kún ìwé tó wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.