Ìsọ̀ apọ́nbẹ kan nítòsí ọjà Bódìjà: ohun tí wọ́n fojú ọ̀bẹ mi rí

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀bẹ tó ń ká sínú èèkù, tí irin rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó ń dípẹtà, ẹ má kàn gbé e sílẹ̀ fún apọ́nbẹ kẹ́ ẹ wá kúrò ńbẹ̀.

Opinel ni tèmi, ọ̀bẹ Savoie nílẹ̀ Faransé. Láti 1890 ni wọ́n ti ń ṣe é, òrùka tó ń há a kó má baà pa dé mọ́ni lọ́wọ́ dé ní 1955. Òun ni mo fi ń bó ọsàn, mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

Mo sọ fọ́mọ iṣẹ́ tó gbà á lọ́wọ́ mi pé, "Àbúrò, òkúta àti omi ni o, má fi kan ẹ̀rọ." Ó ní, "Mo ti gbọ́, mà." Mo yíjú sí ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, n ò tíì sanwó tán tí mo fi gbọ́ tí ẹ̀rọ ń han. Iná ń ta pàràpàrà! Ó tẹ ọ̀bẹ mi mọ́ ọn, kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Kí n tó pariwo tán, ẹnu ọ̀bẹ ti dúdú bí aró láti ṣóńṣó dé ìdajì. Ó tún ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ wò ó, mà, ó ti mú."

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹni tó bá rọ irú irin yìí á mú un gbóná, á tì í bọ omi tàbí òróró kó lè le, á wá tún yan án níwọ̀nba kó má baà máa kán. Tí àwọ̀ aró bá ti yọ, ooru ibẹ̀ ti tó nǹkan bíi 300°C, ó ti kọjá ti ìyan yẹn, irin náà sì ti rọ̀. Ó lè mú lónìí, kò ní pẹ́ tí kò fi ní gé nǹkan kan mọ́.

Ìgbà náà ni ọ̀gá wọn ti ìrun Àìlà dé. "Ìyá wa, ẹ dákun, ẹ foríjì wá." Kò bá mi jiyàn rárá. Ó gbé abọ́ omi, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fa ọ̀bẹ lórí òkúta díẹ̀díẹ̀, ó ń fìka wò ó bóyá ó ń gbóná. Ibi tó rọ̀ kò ṣe é tún ṣe, pípọ́n ló ní láti pọ́n ọn kúrò. Wọ́n ti pe ìrun Alásárì kó tó tán. Ọ̀bẹ mi kúrú sí i, àmọ́ ó gé bébà láìfà á ya. Bàbá náà dá ₦1,500 mi padà, ó ní kí n má fi òróró ẹ̀pà pa á, ó máa ń dì mọ́ irin. Òróró àgbọn bíńtín ti tó, kí n sì nù ún gbẹ kí n tó ká a. Omi ọsàn máa ń sọ ọ́ di dúdú, ìyẹn ò burú. Èyí tó bá pọ́n ni ìpẹtà. Lásìkò òjò, èèkù onígi máa ń wú, kí n má fi í sílẹ̀ nínú omi.

Títí di òní, ọ̀bẹ náà ń gé tòmátì bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ yẹn náà ló tún ń fi ẹ̀rọ jó ọ̀bẹ ẹlòmíràn láìbu omi sí i, inú sì tún bí mi.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Tí ọ̀gá ò bá sí ní ìsọ̀, ẹ dúró dè é.