Jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ àti ti poliẹ́sítà: èwo ni ká dì lọ sí ìlú òtútù?

Ẹni tó bá ń lọ sí ìlú òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń wá aṣọ tó wúwo jù. Bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ ni kì í jẹ́ kí ooru ara sá lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tajà léèrè ohun tí wọ́n kì sínú jákẹ́ẹ̀tì náà.

Ìyẹ́ múlọ́múlọ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń kì sínú jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́. Ó fúyẹ́, ó móoru gidigidi, ó sì ṣeé ká wẹ́rẹ́ sí igun báàgì. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní fill power wà lára rẹ̀, bíi 600 tàbí 800. Bó bá ṣe ga tó ni ìyẹ́ náà ṣe ń wú tó. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yìí nìkan tàn yín: 800 tí wọ́n kì díẹ̀ lè má móoru tó 600 tí wọ́n kì dáadáa. Omi sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bó bá ti rin gbingbin, ìyẹ́ á lẹ̀ mọ́ra, ooru á tán, kò sì ní tètè gbẹ.

Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ki poliẹ́sítà, ìyẹn fọ́nrán àtọwọ́dá, sínú rẹ̀ tóbi nínú ẹrù, ó sì wúwo ju ti ìyẹ́ lọ bí ooru wọn bá dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí òjò bá pa á, ó ṣì ń móoru díẹ̀, ó ń tètè gbẹ, fífọ̀ rẹ̀ kò nira, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dín.

Ní tèmi, ibi tí òtútù ti lọ sísàlẹ̀ òdo, tí yìnyín sì gbẹ, ti ìyẹ́ ni kí ẹ rà. Ibi tó wà ní ìwọ̀n 2 sí 5 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, tí òjò ń rọ̀ wìnnìwìnnì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, poliẹ́sítà ló yẹ yín.

Àwọ̀tẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣọ tó kan ara gan-an, ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Aṣọ òwú ń mu òógùn, ó sì ń fi í pamọ́ sára títí òtútù á fi wọni léegun. Irun àgùntàn mẹ̀rínò ń gba ọ̀rinrin sínú láìjẹ́ kó tètè tutù mọ́ni lára, kì í sì í tètè rùn, nítorí náà méjì tàbí mẹ́ta tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Poliẹ́sítà tètè ń gbẹ jù ú lọ, ṣùgbọ́n òórùn máa ń dúró sí i. Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó dáa, kí ẹ yá jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó ní. Ta ni yóò yáni ní àwọ̀tẹ́lẹ̀?

Bàtà tó tóbi jù nínú ẹrù, ẹ wọ̀ ọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kó láyè fún ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, torí bàtà tó fún ẹsẹ̀ pinpin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn dáadáa.

Kí ẹ tó sanwó jákẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ súwẹ́tà sábẹ́ rẹ̀, ẹ fa ṣíìpù dé ọrùn, ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè. Bí ó bá fún yín léjìká, tàbí tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín yọ síta, ẹ béèrè èyí tó tóbi jù ú lọ.