Ṣọ́ọ̀bù riwáyà kan ní Gánmọ̀ tó mọ iṣẹ́ fíúùsì katapílà kékeré

Ọ̀pọ̀ wa tó ń fi katapílà kékeré oníbẹ́lítì rọ́bà ṣiṣẹ́ níbi ìkọ́lé káàkiri Ìlọrin ló mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe lè dá ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le dáadáa dúró. Ìdí nìyí tí mo fi ń yin ṣọ́ọ̀bù riwáyà kan ní Gánmọ̀, lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo.

Ọ̀gá ibẹ̀ kì í kàn pààrọ̀ fíúùsì tó jó kó sì gba owó. Fíúùsì iná ẹ̀yìn katapílà wa ń jó léraléra, débi pé ẹni tí a kọ́kọ́ pè ti fi wáyà lásán so ojú rẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá yìí tu ú kúrò lójú ẹsẹ̀, ó ní bí fíúùsì kò bá lè jó mọ́, wáyà inú ẹ̀rọ ni yóò gbóná títí yóò fi gbiná. Ó wá tọ wáyà náà láti inú àpótí fíúùsì títí dé ẹ̀gbẹ́ ìdè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí irin ti ha rọ́bà ara rẹ̀ tán, tí bàbà inú rẹ̀ sì ń kan irin nígbàkúùgbà tí a bá ti ilẹ̀kùn.

Ó tún fara balẹ̀ kọ́ awakọ̀ wa. Ibi tí àpótí fíúùsì wà kò dọ́gba nínú gbogbo ẹ̀rọ: ó lè wà lẹ́bàá àga awakọ̀, ó lè wà lẹ́yìn nítòsí ẹ́ńjìnnì, àwọn fíúùsì ńláńlá sì sábà máa ń wà nítòsí bátìrì. Àwòrán inú ìdérí àpótí ló ń sọ iṣẹ́ fíúùsì kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí awakọ̀ fi fóònù yà á kó tó parẹ́. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní títàn, ó fi tẹ́sítà kan ojú irin kékeré méjèèjì tó wà lórí fíúùsì. Bí iná tẹ́sítà bá tàn lójú kan tí kò tàn lójú kejì, fíúùsì náà ti jó nìyẹn. Kó tó yọ ọ́, ó sọ apá ẹ̀rọ kalẹ̀, ó pa á, ó sì tú orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù. Àwọ̀ fíúùsì ló ń sọ ámpì rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà: pupa jẹ́ ámpì 10, búlúù 15, yẹ́lò 20, aláwọ̀ ewé 30, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi èyí tó tóbi rọ́pò èyí tó kéré.

Eruku ọyẹ́ ti kún inú àpótí tiwa, ìpẹtà sì ti mú ẹsẹ̀ mélòó kan. Ó fi oògùn tí wọ́n ń fín sí ojú iná fọ̀ wọ́n, ó pààrọ̀ rọ́bà etí ìdérí, ó sì kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń fọ ẹ̀rọ má ṣe da omi alágbára síbẹ̀.

Owó rẹ̀ ga ju ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ, kì í sì í ní rílè (súìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tó sì ń pa) nílẹ̀. Ìgboro Ìlọrin ni a ti lọ ra tiwa. Síbẹ̀, òun ni n ó tún pè. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ọ̀ffà tàbí Ọmù-Àrán kó pè é kó tó gbéra, nítorí ibi iṣẹ́ àwọn oníbàárà ló sábà máa ń wà.