Bátìrì lithium inú ọkọ̀ onígbòkun mi, àti àwọn tó so ó

"Bátìrì wa ò ní nǹkan kan o, sà. Alternator yín ló ti gbó." Ohun tí ọmọkùnrin tó gbé fóònù nílé-iṣẹ́ tó so bátìrì náà sọ fún mi nípa alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti fún bátìrì níná, nìyẹn, kò tiẹ̀ bèèrè bóyá àlàáfíà la fi dé ilé.

A ń fi ẹ́ńjìnì jáde láti odò Hamble ní gúúsù England, nítorí afẹ́fẹ́ ò sí. Bí a ṣe bọ́ sí Southampton Water, ẹsẹ̀ òkun tí odò náà ń ṣàn sí, òórùn rọ́bà tó ń jó gba inú ọkọ̀ kan. Mo ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì, alternator ń rú èéfín. Kí n tó pariwo sí ìyàwó mi pé kó pa ẹ́ńjìnì, bátìrì ti gé ara rẹ̀ kúrò. Rédíò kú, máàpù ojú omi kú, ọkọ̀ ńlá tó ń lọ Cowes sì ń bọ̀ níwájú wa. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Bátìrì olójé (lead-acid) máa ń dín iná tó ń gbà kù bó ṣe ń kún. Lithium kì í ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo agbára alternator ló máa ń fà, ìyẹn ló sì ń sè é. Tó bá wá gé ara rẹ̀ lójijì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, iná tí kò ríbi lọ á jó àwọn diode inú alternator, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ èyí, síbẹ̀ wọ́n yọ gbogbo bátìrì olójé mi, wọ́n so tuntun mọ́ ọn tààrà, wọ́n sì gbowó iṣẹ́.

Àfi bí obìnrin ẹlẹ́rọ kan níbẹ̀ ṣe pè mí fúnra rẹ̀. Ó wá bá mi ní èbúté, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń fọwọ́ tọ wáyà kọ̀ọ̀kan. Ó dá bátìrì olójé kan padà fún títa ẹ́ńjìnì, ó fi ṣájà Orion-Tr Smart ti 30A, tí kì í jẹ́ kí iná tó ń kọjá pọ̀ jù, sáàárín òun àti lithium, kí alternator lè mí. Ó yí ṣájà tó ń gba iná èbúté sí 14.2V, ó ní kí n má ṣájì tí òtútù bá ti wálẹ̀ ju 0°C lọ. Kò gba kọ́bọ̀. Ọlọ́run á bù kún un.

Bátìrì yìí gan-an dára! Kò wúwo tó ìdajì olójé tó jẹ́ 100Ah bíi tirẹ̀, firíìjì ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ẹ̀rù ò sì bà mí láti lò ó kọjá ìdajì.

Wọn ò tíì san owó alternator mi padà. Ìràwọ̀ 4 nínú 5.